Àárọ̀ Tí Fáṣakin Sáré

Ikùn Fáṣakin ló máa ń kọ́kọ́ wọlé. Òun alára á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ọdún tí rélùwéè dé Ọ̀fà ni. Adétóyè tó ń wẹ egbò fáwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, tí gbogbo wa ń pè ní dókítà, gbọ́ bí Fáṣakin ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Bàbá, ẹ máa sáré láràárọ̀. Ara yín á le, oorun yín á dùn, ikùn yìí á sì fà."

"Kí n máa sáré? Ta ló ń lé mi?"

"Kò sẹ́ni tó ń lé yín. Ẹ ṣáà máa sáré. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jáwọ́ nínú iyán."

Yéè! Iyán kẹ̀? Ẹ kúkú pa Fáṣakin!

Ọ̀ṣunníkẹ́ ìyàwó ẹ̀ ní: "Bàbá Fáwùmí, ẹ sáré dódò kẹ́ ẹ padà, iyán ń bẹ nínú odó. Bí ẹ ò bá sáré, ògì lẹ ó mu."

Ilẹ̀ mọ́. Fáṣakin ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, ó ki eré mọ́lẹ̀. Gìdìgìdì, gìdìgìdì! Ikùn ń lọ sọ́tùn-ún, Fáṣakin ń lọ sósì.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé àgbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e.

A wo iwájú ẹ̀. Kò lé nǹkan kan.

Ògúnṣẹ̀yẹ ará àdúgbò wa figbe ta: "Ẹ sá o!"

Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Ọ̀ṣunníkẹ́ sọ ọmọ odó nù, ó bá wa sá. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ilẹ̀kùn ilé mi ni mo yọ rù. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mi ò mọ̀!

Fáṣakin bojú wẹ̀yìn, ó rí gbogbo ìlú tó ń sá bọ̀. "Yéè! Kí ló ń bọ̀?" Bó ṣe kọjá odò nìyẹn, kò dúró.

Ẹnì kan kọjá lára ẹ̀, fìrì! Dókítà ni, àpótí oògùn lórí.

"Dókítà, kí ló ń lé wa?"

"Ṣé mo mọ̀ ni? Ẹ̀yin ni mo rí tẹ́ ẹ ń sáré!"

Hà! Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ fọ́ mi níkùn, ilẹ̀kùn ò sì jẹ́ n rín in. Ìjàgbò tó jẹ́ ìlú kejì la dé ká tó dúró.

A fìtìjú padà sílé. Fáṣakin ò kí ẹnikẹ́ni, ìdí odó ló gbà lọ tààrà. Ewúrẹ́ ló bá níbẹ̀. Ó ti lá odó mọ́ féfé, ó sì ń gùfẹ̀.

"Iyán tí mo fẹsẹ̀ mi sáré gbà!" Omijé bọ́ lójú bàbá. Ó he ọmọ odó nílẹ̀. Ewúrẹ́ já síta, pàrà! Fáṣakin gbá tẹ̀ lé e.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ilẹ̀kùn mi sáyè ẹ̀ padà ni. Mo gbójú sókè, ewúrẹ́ ti kọjá, Fáṣakin nìkan ni mo rí, tó tún ń sáré.

Mo tún yọ ilẹ̀kùn.

Kó tó rí ewúrẹ́ yẹn mú, gbogbo Ọ̀fà ti tún dé Ìjàgbò.

Dókítà ló ṣáájú.