Àgbọn Tí Wọ́n Fá Dípò Láṣebìkan

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tí àwọn àgbà fi ń sọ pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí? Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pa òwe náà tí wọn ò mọ̀ pé àgbọn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Onígbàjámọ̀ kan wà ní ìlú Òkè-Ìsàn, Láṣebìkan lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin náà kì í dilẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti pọ́n abẹ rẹ̀. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, òun ló ń fá orí rẹ̀. Arúgbó tí orí rẹ̀ ò dúró sójú kan, òun náà ni. Bó bá sì wọlé dé, á tún la igi fún Ìbídùn ìyàwó rẹ̀, á pọn àbíkẹ́yìn sẹ́yìn, kò sì ní tijú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, ó sọdá odò lọ sí abúlé kan tí wọ́n ti ń sọ ìbejì lórúkọ. Ó ní ọjọ́ kejì lòun ń bọ̀. Òjò ńlá rọ̀, odò kún, ọkọ̀ kankan ò lè sọdá mọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, apẹja kan gbé fìlà kan wá sílé, ó ní orí omi lòun ti rí i. Ìbídùn yẹ̀ ẹ́ wò. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi rán an. Fìlà ọkọ rẹ̀ ni. Ilé bá dàrú.

Nígbà tó di ọjọ́ keje, Bàbá Ládèjọ, olórí ẹbí, ní kò sóhun tí wọ́n tún ń dúró dè. Nílùú wọn, bí ọkùnrin bá kú, wọ́n gbọ́dọ̀ fá orí rẹ̀ kó tó lè rí ọ̀dọ̀ àwọn baba rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sì ti fá a tán, ìyàwó rẹ̀ ti di opó nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè yí i padà.

"Bàbá, orí wo lẹ fẹ́ fá?" Ìbídùn béèrè. "Fìlà nìkan la rí."

"Àgbọn la ó fá, ìyàwó. Ó lójú, ó nírun, ó sì le bíi ti Láṣebìkan. Kí ló tún kù lára orí?"

"Olórí ló kù, bàbá."

"Ṣé o rí ẹnu yín, ẹ̀yin ìyàwó ìsinsìnyí!"

Ta ni yóò wá fá a? Onígbàjámọ̀ kan ṣoṣo tó wà nílùú ni wọ́n ní ó kú. Wọ́n bá lọ pe Fáṣínà tó ń fín igbá. Fáṣínà ní òun ò fá orí rí láyé òun. Bàbá Ládèjọ ní kó má ṣèyọnu, àgbọn ò ní mọ̀.

Gbogbo ìlú pé sí àgbàlá. Bí Fáṣínà ti ń ha irun àgbọn, bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ń rántí olóògbé.

"Orí ọmọ mi mẹ́fà ló fá," obìnrin kan ní, "abẹ ò gé ọ̀kan nínú wọn rí."

"Bó bá ń fá tèmi, ńṣe ni mo máa ń sùn lọ," bàbá arúgbó kan sọ, ó sì nu ojú.

Ìbídùn jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ohun tí òun ń rántí kò ṣeé sọ ní gbangba. Ọkùnrin tó ń fá orí gbogbo ìlú yìí, ọwọ́ rẹ̀ ò tó ìpàkọ́ ara rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń bẹ ìyàwó rẹ̀: "Ìyá Mopélọ́lá, bá mi fá ẹ̀yìn orí yìí." Ẹ̀rù abẹ ń ba Ìbídùn. Gbogbo ìgbà ló ń dáhùn pé, "Ó dọ̀la, mo ṣèlérí." Ó tẹ orí ba, ó ń gbàdúrà sínú: "Olúwa, dá a padà fún mi. Jẹ́ kí ọ̀la yẹn dé."

Àfi bí abẹ Fáṣínà ṣe yọ̀, tó lu àgbọn níhò. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán.

"Yéè! Láṣebìkan ń sunkún!" làwọn obìnrin figbe ta.

Bàbá Ládèjọ fi ìka kan omi náà, ó tọ́ ọ wò. "Ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Ẹkún ayọ̀ ni. Ó dùn."

Àṣé odò ti fà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láṣebìkan yọ lẹ́yìn èrò, àpò abẹ ń bẹ léjìká rẹ̀, kò dé fìlà. Ó béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin gíga kan pé ta ló kú.

"Láṣebìkan onígbàjámọ̀ ni," ọkùnrin náà dáhùn láìwẹ̀yìn. "Yé tì mí, jọ̀ọ́."

Láṣebìkan ti ara bọ àárín wọn. Ìgbà tó rí bí Fáṣínà ṣe di abẹ mú, ó gbàgbé pé wọ́n ní òun ti kú.

"Fáṣínà! Ṣé ọkọ́ lo rò pé o dì mú ni? Omi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rẹ irun! Wo iwájú orí bó o ṣe dá a légbò!"

"Ẹ má bínú," Fáṣínà ní láìgbójú sókè, "irun olóògbé ló le." Ó wá gbójú sókè.

Ìgbà tí eruku máa fi rọlẹ̀, ọgbà ti wó, bàtà ti kún ilẹ̀, Fáṣínà sì ti wà lórí igi ọsàn. Bàbá Ládèjọ sá dé ẹnu ọ̀nà, ó wá yíjú padà.

"Láṣebìkan," ó ní, "ìpàkọ́ nìkan ló kù. Ṣé o ò lè ní sùúrù ká parí ẹ̀ ni?"

"Bàbá, mi ò kú! Afẹ́fẹ́ ló gbé fìlà mi lọ nínú ọkọ̀. Odò sì kún, àwọn ará abúlé rí i pé mi ò rí ibì kan lọ, ni wọ́n bá ń gbé orí wá. Orí mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo fá!"

Ìbídùn nìkan ni kò sá. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan apá ọkọ rẹ̀. Ó gbóná. Ẹ̀rín àti ẹkún bá pàdé lójú rẹ̀. Ó yíjú sí olórí ẹbí.

"Bàbá, ó ku díẹ̀ kẹ́ ẹ fi àgbọn sọ mí di opó. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ mìíràn, a kì í fá orí lẹ́yìn olórí."

"Òótọ́ lo sọ, ìyàwó," Bàbá Ládèjọ dáhùn. "A kì í fá a."

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fẹ́ parí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níjòkòó, ẹnì kan á ní kí wọ́n rántí àgbọn, ẹnu gbogbo wọn á sì pa pọ̀: a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.

Ní ti Ìbídùn, kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Ó gbé àpótí síta, ó bu omi sínú àwo, ó yọ abẹ nínú àpò.

"Ìyá Mopélọ́lá, kí lo fẹ́ ṣe?"

"Jókòó, Baba Mopélọ́lá. Ọ̀la ti dé."

Ó ké pe Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan, ó sì fá ìpàkọ́ ọkọ rẹ̀ títí ó fi mọ́ kedere.