Píkọ́ọ̀pù Pupa Tí Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Fà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba, tó ń bo àṣírí òpè, tó sì ń fún un láàyè kó gbọ́n. Mo ní kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ kí n tó sọ ohunkóhun, torí ká ní ìtìjú ń pànìyàn ni, etí òkun Gambia ni wọn ì bá sin mí sí.

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi. Nígbà yẹn, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti kúrò ní Ìwó wá sí Banjul. Aṣọ ni mo ń tà lọ́jà. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì ti gbọ́ Wolof tó ẹni tó lè ná ẹja. Ìyàwó nìkan ló kù tí mi ò ní. Ọkàn mi ti dúró sọ́dọ̀ Ramatu, ọmọ àwọn Aku tó jẹ́ mùsùlùmí, tó ti wà ní Banjul láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Òun fẹ́ mi. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Pa, ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Aku ni wọ́n ń sọ nílé wọn, mo sì ti gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n Yorùbá ni màá fi ròyìn púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wọn fún yín. Nígbàkigbà tí mo bá lọ kí Pa, á ní, "Kushe, mi pikin," ìyẹn ni pé pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Á béèrè àlàáfíà gbogbo ẹni tó wà ní Nàìjíríà títí kan àwọn ewúrẹ́ ìyá mi, kò sì ní dárúkọ ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Pa ló máa ń kó àwọn ọmọ kéwú mọ́sálásí wa lọ pàgọ́ sétí òkun, lẹ́yìn Tanji, fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà ìsinmi ilé ìwé. Kò sí omi mímu níbẹ̀. Ọdọọdún ni bọ́ọ̀sì ń já wọn sójú ọ̀dà, tí Modou, bàbá kan tó ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì, á sì wá fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fa omi àti àgọ́ gba inú yanrìn kọjá. Lọ́dún yẹn, mo rí ọ̀nà tí màá gbà wọ Pa lójú.

"Pa, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kẹ̀? Lóde òní? Ẹ sọ fún Modou kó sinmi. Mo fẹ́ ra píkọ́ọ̀pù alágbára tí màá fi máa kó aṣọ lọ sí ìgbèríko. Omi o, àgọ́ o, ìkòkò o, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Pa wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Tí a bá ti ibẹ̀ dé, a ó sọ̀rọ̀ Ramatu."

Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé kì í ṣe ọkọ̀ lásán ni mo fẹ́ lọ rà.

Nígbà tí mo sọ fún Ramatu, kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ọkọ̀ tó máa fa ẹrù nínú yanrìn, ojú kọ́ la fi ń yàn án. Wọ abẹ́ rẹ̀. Wò ó bóyá irin ìdí ọkọ̀ ni wọ́n de ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Béèrè bóyá táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á, àbí ti ẹ̀yìn nìkan. Gbé e wọ yanrìn kó o fojú ara rẹ rí i. Jọ̀ọ́, má mu ataya wọn kó o tó ṣe gbogbo ìyẹn tán."

"Kí ni ataya ṣe?"

"Mo mọ ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Tí ẹ bá ti fẹnu kan nǹkan èèyàn, ojú á máa tì yín láti yẹ ọjà ẹ̀ wò."

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní lọ́rì ní Ìwó, mo sì ti sùn nínú rẹ̀ rí. Lójú tèmi, ìmọ̀ ọkọ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi.

Abẹ́ igi máńgòrò kan ní Old Jeshwang ni ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ náà jókòó sí. Píkọ́ọ̀pù méjì ló wà níwájú rẹ̀. Ọ̀kan funfun, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan sì ti tẹ̀ wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Ìkejì pupa bí ata rodo. Irin dídán kan gbórí síwájú rẹ̀, iná ńlá mẹ́rin wà lókè, wọ́n sì ya kìnnìún sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Kìnnìún náà ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

Ọkùnrin náà ti gbé ataya kaná. Ẹ̀yin tí ẹ ò dé ibẹ̀ rí, tíì ni, orí èédú ni wọ́n ti ń sè é, wọ́n á máa tú u láti ife dé ife títí á fi yọ fóòmù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń bù ú fún àlejò. Ti àkọ́kọ́ korò bí ewúro, ti ìkẹta dùn bí oyin. Mo ti mu ìkejì tán kí n tó rántí Ramatu.

Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló dá a sọ. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé yanrìn lẹ ní? Ẹ dìde, ká wọ abẹ́ méjèèjì wò. Ká gbé wọn lọ sétí omi."

Báwo ni màá ṣe mu tíì èèyàn tán, tí màá wá dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láti wò ó bóyá ó ń parọ́? Àáfà tó kọ́ mi ní kéwú kò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ká sòótọ́, aṣọ funfun tí mo wọ̀, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, dá sí ọ̀rọ̀ náà.

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu. Inú lọ́rì ni wọ́n bí mi sí."

Ó ní, "Tó bá jẹ́ èmi ni o, funfun ni màá mú."

Mo ní, "Pupa." Ó bu ìkẹta fún mi. Ó dùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ lọ, mo gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà Pa. Tirela kékeré tó gbé táńkì omi wà lẹ́yìn mi. Ramatu, tó fẹ́ bá àwọn ọmọ wọ bọ́ọ̀sì, bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó dìde. Ó wọlé, ó sì gbé okùn nínípọn kan jáde.

Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi okùn ṣe?"

"Mo kàn fẹ́ràn okùn ni."

Pa wọkọ̀, ó jókòó tì mí, mo sì tẹ fèrè kí àdúgbò lè mọ̀ pé a ń lọ. Fèrè ké, ó sì kọ̀, kò dákẹ́. Àwọn èèyàn ń jáde lójúlé-lójúlé. Ọkùnrin kan jáde tòun ti ọṣẹ lórí, ó ń béèrè ibi tí iná ti ń jó. Mo ṣí iwájú ọkọ̀, mo fa wáyà kan já. Fèrè dákẹ́. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ Pa náà sì já sínú ilẹ̀kùn, kò gòkè mọ́ títí dòní.

Pa ní, "Atẹ́gùn dára." Mo ṣe àmín.

A kọjá ọ̀nà tó yà sí Kotu, mo fò lórí gegele kan, mo sì rí i pé ọkọ̀ fúyẹ́ lójijì. Orí mi wú. "Pa, ẹ rí agbára? Bí ẹni pé kò fa nǹkan kan."

Pa yọrí síta, ó wẹ̀yìn. Ó ní, "Mi pikin, di wata nɔ de follow wi," pé omi ò tẹ̀ lé wa mọ́.

Tirela dúró láàárín títì, irin ẹ̀yìn ọkọ̀ mi sì so mọ́ ọn lẹ́nu bí egungun lẹ́nu ajá. Irin ẹ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n de ìkọ́ mọ́. Bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ dé ẹ̀yìn wa. Ramatu ju okùn jáde lójú fèrèsé, ó sì yíjú sí ibòmíràn.

A fi okùn fa omi náà dé ibi tí ọ̀dà parí sí. Mo ní kí gbogbo wọn wòye. Mo wọnú yanrìn, n kò rìn tó ogún ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ fi dúró. Táyà iwájú kò yí rárá, wọ́n ń wòran bí àlejò tí kò fẹ́ dá sí ìjà onílé. Ti ẹ̀yìn nìkan ló ń yí, tó ń gbẹ́ kòtò. Mo tẹ iná mọ́ ọn. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Pa, tó ti sọ̀ kalẹ̀ láti bá mi tì í, dúró tòun ti yanrìn lórí, nínú irùngbọ̀n àti lára káfútánì funfun rẹ̀. Òòrùn ti mú. Àwọn ọmọ ń ké pé òùngbẹ ń gbẹ àwọn, ìrun Àílà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó, omi wọn sì wà lẹ́yìn mi, kò lè lọ síwájú, kò lè padà.

Ibẹ̀ ni Modou ti yọ láàárín àwọn igi ọ̀pẹ, tòun ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjèèjì.

"Nàìjíríà! Nanga def?"

Mo ní, "Jamm rek," pé àlàáfíà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àlàáfíà kankan.

"Pa ní kí n sinmi. Ṣùgbọ́n látọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún mi pé píkọ́ọ̀pù pupa ni, mo ti ń bọ́ àwọn ọmọ mi yìí dáadáa."

Ó kọ́kọ́ fa omi lọ fáwọn ọmọ. Ó padà wá, ó sì fi okùn Ramatu so àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ irin dídán iwájú. Mo jókòó sáyè awakọ̀ bí ọba, àwọn olùkọ́ ń tì í lẹ́yìn, àwọn ọmọ kéwú ń sá tẹ̀ lé wa: "Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń wa mọ́tò! Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń wa mọ́tò!"

Nígbà tí a jáde nínú yanrìn, Pa wá sójú fèrèsé tí kò ní gíláàsì. "Ẹni tó tà á fún ọ, kí ló sọ fún ọ?"

Irọ́ ti dé orí ahọ́n mi. Kí n sá ti ní ọkùnrin náà rẹ́ mi jẹ, wọ́n á bá mi ṣépè fún un, wọ́n á sì káàánú mi. Mo wo Ramatu. Mo rántí ife mẹ́ta tí ọkùnrin náà bù fún mi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Mo ní, "Pa, ó ní kí n wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ní ká gbé e wọ yanrìn. Ó ní funfun ni kí n mú. Ojú ló tì mí torí mo ti mu tíì rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí aṣọ mi dọ̀tí. Ẹ̀bi mi ni."

Mo rò pé ó ti parí. Ni èjìká Pa bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì fún ẹ̀rín, yanrìn ń já bọ́ láti inú irùngbọ̀n rẹ̀.

"Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo ra ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́ ẹnì kan tó fi ìrẹsì gidi ṣe mí lálejò. Ó wà nísàlẹ̀ odò títí dòní." Ó nu ojú. "Ká ní o bú ọkùnrin yẹn ni, ẹsẹ̀ ni wàá fi rìn délé. Ní kí àwọn èèyàn rẹ wá rí mi. Ẹni tó lè sọ pé ẹ̀bi òun ni lè bá Ramatu gbé. Ojoojúmọ́ ni wàá máa sọ ọ́."

Ojoojúmọ́ náà ni mo ń sọ ọ́. Ramatu ló lọ yan funfun yẹn fúnra rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì mu ataya lẹ́yìn tó jáde. Pupa ń gbé ìyàwó tuntun kiri ojú ọ̀dà, iṣẹ́ tí Ọlọ́hun dá a fún nìyẹn. Mo wá mọ̀ pé yíyẹ ọjà wò kì í ṣe àrífín. Èmi tí mo ń bọ̀wọ̀ fún tíì ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òùngbẹ pa ọmọ ọlọ́mọ. Títí dòní, bí mo bá ra abẹ́rẹ́ wálé, ìyàwó mi á ní, "Ṣé o wọ abẹ́ rẹ̀?" Kí ni màá ṣe ju kí n rẹ́rìn-ín lọ?

Ìwọ tó ka èyí, kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ẹrù rẹ já sẹ́yìn rẹ lójú ọ̀nà. Bó bá sì já, kó fún ọ ní ẹni tí á ju okùn sí ọ, tí á sì yíjú sí ibòmíràn. Àmín.