Nọ́ńbà Pípé fún Sèínábù

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí! Sèínábù télọ̀, ní Ìlúpéjú-Èkìtì, ti búra pé òun kò ní bá orogún gbé. Ó wá sí ìsọ̀ Sọ̀fíyù, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó ń ta síìmù, láti gba èsì kan ṣoṣo lọ fún bàbá rẹ̀: ṣé òun nìkan ni Sọ̀fíyù yóò fẹ́? Kó tó jókòó, Sọ̀fíyù ti na síìmù tuntun sí i.

"Sèínábù, mo ti bá ọ wá nọ́ńbà! 8128 ló fi parí. Nọ́ńbà pípé ni!"

"Nọ́ńbà pípè? Kí la tún ń fi nọ́ńbà ṣe bí kò ṣe ká pè é? Ṣé a ń sè é jẹ ni?"

"Kì í ṣe pípè, pípé! Kò dín, kò lé. Wò ó, mẹ́tàlá ló ń pín in…"

"Èèyàn mẹ́tàlá? Bí màámi bá wá pè mí, ta ni yóò gbé e?"

"Nọ́ńbà ni, kì í ṣe èèyàn! Wo ẹ̀fà. Ení, èjì, ẹ̀ta: àwọn tó kéré sí i tó lè pín in láìṣẹ́kù nìyẹn. Ro wọ́n pọ̀."

Sèínábù fi ìka kà á. "Ẹ̀fà."

"Ó tún padà di ẹ̀fà! Bẹ́ẹ̀ náà ni 8128. Kó gbogbo àwọn tó ń pín in jọ, òun náà lo tún máa bá!" Sọ̀fíyù ti gorí bẹ́ǹṣì.

"Irọ́ ńlá. Èmi tí mò ń gé aṣọ, mi ò rí èyí tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tó tún pé rí. Sọ̀kalẹ̀, kó o dá mi lóhùn: ṣé èmi nìkan ni, àbí…"

"Sáà gbọ́! Láti orí ení títí dé ẹgbàárùn-ún, mélòó lo rò pé ó pé? Mẹ́rin péré!"

Sèínábù dìde fùú. "Mẹ́rin! Mo mọ̀! Mẹ́rin, ó tún ń sọ péré!"

"Nọ́ńbà mẹ́rin! Ẹ̀fà, méjìdínlọ́gbọ̀n…"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n! Ulé wo lo fẹ́ kó wọn sí? Ulé ẹ̀kọ́?"

"Sèínábù, ẹjọ́ nọ́ńbà là ń rò! Èyí tó dùn jù ló kù. Gbogbo èyí tó pé tí ayé tíì rí, kò sí ọ̀kan tí ò ní ìkejì!"

"Ó ti jáde! Ìkejì! Ìyàwó kejì wà ńbẹ̀!" Ó na síìmù sókè, ó fẹ́ jù ú sí gọ́tà. Sọ̀fíyù fò sílẹ̀, ó fi ara dí gọ́tà.

"Gbọ́ mi yé! Bí o bá ka èyíkéyìí nínú wọn ní méjì-méjì, ọ̀kan ò ní ṣẹ́kù dá dúró. Ìyẹn ni mo pè ní ìkejì. Èmi ni mo dá dúró, Sèínábù! Èmi ni mi ò pé. Ìwọ ni ìkejì mi, kò sí ẹ̀kẹta, kò sí ẹ̀kẹrin, kò sí…"

"Má kà á síwájú mọ́!"

Ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu Sèínábù. Ó ju síìmù sínú báàgì.

"Ó yá, bàbá mi ń dúró n'úlé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi ọ́ ní iye ìyàwó tó o fẹ́ fẹ́, má ṣàlàyé o! 'Ọ̀kan' ni kó o sọ, kó o sì panu dé!"

Ní ti 8128, ẹ má wo ẹnu mi. Ẹ mú bírò, ẹ pín in, ẹ fojú ara yín rí i.