Kóòtù Òtútù Nínú Oòrùn Okokomaiko

Ọjọ́ kan wà tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di àkókò tí mo ń kọ èyí. Ẹ̀wà ni mo ń ṣà nínú àtẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ní ẹ̀yìnkùlé ilé tí a háyà ní Okokomaiko, nígbà tí dírẹ́bà Màmá Bùnmi wọlé tọ̀ mí wá. Ó ní màmá ní kí òun sọ fún mi pé ìrìnàjò wọn sí Amẹ́ríkà tó yẹ kó jẹ́ ọ̀la ti di òní. Aago mẹ́ta ni wọ́n máa kúrò nílé lọ sí pápákọ̀ òfurufú, kí n yára gbé kóòtù Bàbá Fẹ́mi wá. Mo wo aago ọwọ́ mi, aago kan ti lù. Kóòtù tí wọ́n sì ń wí yẹn, n kò tíì rà á.

Bàbá Fẹ́mi ni ọkọ mi. Olùkọ́ ni ní yunifásítì tó wà nítòsí wa, wọ́n sì rán an lọ kàwé sí i ní Amẹ́ríkà, ní ìlú kan tó wà létí adágún omi ńlá. Èmi ni mo wà nílé pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ìsọ̀ tí mo ti ń ta ìwé àti bírò, àti kànga tó ń gbẹ nígbà tó bá wù ú. A kò ní tẹlifóònù. Ní ọjọọjọ́ Àìkú, mo máa ń lọ jókòó sí pálọ̀ Màmá Bùnmi ní Ìbà Housing Estate, ará Èkìtì bíi tiwa, kí n lè gbọ́ ohùn ọkọ mi.

Ní Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ tí mo ń wí yìí, ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí kò sùn. Ó ní òjò dídì ti ń bọ́ láti ọjọ́bọ̀, kò sì tíì dá.

"Ìyá Fẹ́mi, adágún yìí ló ń dà á lù wá," ó ní. "Atẹ́gùn tútù á gba orí omi kọjá, á rù ú dání, bó bá ti kan ilẹ̀ báyìí, á tú u lé wa lórí. Ilẹ̀kùn ò ṣeé ṣí mọ́. Ojú fèrèsé òkè la ń gbà jáde. Àwọn mọ́tò tó wà níta, irin rédíò wọn nìkan là ń rí."

Ó ní òrùlé ilé ìtajà kan ti wó, bọ́ọ̀sì kò rìn, gbogbo ilé ìwé ti tì. Ó ní àwọn ọkùnrin àdúgbò fi ṣọ́bìrì la ọ̀nà dé ẹnu ilé ìyá arúgbó kan tó ń dá gbé, kí wọ́n lè gbé búrẹ́dì fún un. Èyí tí n kò lè gbàgbọ́ ni pé ní apá kejì ìlú kan náà, oòrùn ń ràn, àwọn ènìyàn ń lọ síbi iṣẹ́ wọn. Níbi tó ti ń bá wọn gbẹ́ òjò dídì náà ni kóòtù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rà lọ láti Èkó ti ya lẹ́yìn. Bùbá mẹ́ta ló ń wọ̀ lé ara wọn. Ó ń wúkọ́. Ó ní òtútù pa ọkùnrin kan sínú mọ́tò ní òpópónà kejì sí tiwọn. Láti ìgbà tó ti sọ ìyẹn, oorun mi ò dáa mọ́. Màmá Bùnmi, tí ọmọ wọn ń gbé nítòsí ìlú náà, ló ní kí n wá kóòtù gidi fi rán àwọn.

Mo da ẹ̀wà padà sínú ike, mo sáré lọ bá Ìyá Sìkírá, ará Ìjẹ̀bú tó ń ta òkìrìkà, aṣọ àlòkù láti òkè òkun, létí títì. Ó fa kóòtù búlúù kan yọ lábẹ́ òkìtì aṣọ. Ó nípọn bíi tìmùtìmù, ó ní fìlà lẹ́yìn, síìpù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún títí dé àgbọ̀n.

"Síìpù ẹ̀ ńkọ́?" mo béèrè.

"Ẹ wọ̀ ọ́ wò, ìyàwó tíṣà. Ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ti gbé e kúrò níbí, mi ò gbà á padà."

Bí gbogbo wa ṣe ń ra òkìrìkà nìyẹn. Orí aṣọ tó wà lára wa la ti ń dán an wò, lójú títì. Gíga èmi àti ọkọ mi kò sì yàtọ̀, nítorí náà mo fi ara mi wọn tirẹ̀. Mo wọ̀ ọ́ lé bùbá àti ìró. Mo fa síìpù sókè, ó lọ wẹ́rẹ́. Ọkàn mi balẹ̀. Mo fà á sísàlẹ̀, kò lọ.

"Ẹ rọra fà á," Ìyá Sìkírá wí.

"Mo ń rọra."

"Ó yá, ẹ fà á gidi."

Ó fi àbẹ́là pa á, ó fi ọṣẹ pa á. Nígbà tó yá, ó fi eyín dì í mú, orí rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n mi, àwọn tó ń kọjá sì dúró ń wò wá. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gbé abẹ dé.

"Màmá, ẹ jẹ́ n là á. Ìṣẹ́jú kan ni."

"Tẹ́ ẹ bá là á, kí lọkọ mi máa wọ̀?"

"Ọkọ yín? Aṣọ ọkọ yín lẹ wọ̀ yẹn?"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," obìnrin kan wí lẹ́yìn mi. "Bóyá inú fìríìjì ni wọ́n ń kó lọ."

Aago méjì ti kọjá. Mo sanwó, mo sì kọjú sí Ìbà bẹ́ẹ̀. Àfi bíi pé wọ́n sè mí mọ́ ewé. Ọlọ́kadà àkọ́kọ́ tí mo dá dúró wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Màmá, kí lẹ gbé pamọ́ sábẹ́ ẹ̀?"

"Ara mi ni."

Ó wa ọ̀kadà rẹ̀ lọ. Èkejì gbé mi, ṣùgbọ́n kò yé wo ẹ̀yìn títí a fi dé géètì ẹ́sítéètì. Atẹ́gùn tó fẹ́ sí mi lójú lọ́nà yẹn nìkan ni ìgbádùn tí mo rí lọ́jọ́ náà.

Àwọn arábìnrin méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ló dúró sí ẹnu géètì. Wọ́n dá mi mọ̀, ó ṣeni láàánú.

"Ìyá Fẹ́mi, ẹ̀yin rèé? Kí ló dé?"

"Bàbá Fẹ́mi ni. Òtútù ń pa wọ́n."

Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wo oòrùn.

"Bàbá Fẹ́mi tó wà ní Amẹ́ríkà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń kánjú, mo fẹ́ bọ́ kóòtù yìí fún Màmá Bùnmi, ṣùgbọ́n kò ṣeé bọ́."

Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, bí mo sì ṣe ń sọ ọ́ tó ni ọ̀rọ̀ mi ń burú sí i lójú wọn. Ọ̀kan gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní ìrònú ti pọ̀ jù fún mi, kí n kúnlẹ̀ fún àdúrà. Mo kúnlẹ̀. Àgbà ni wọ́n, báwo ni n ṣe fẹ́ já ọwọ́ mi gbà lọ́wọ́ wọn? Bí òógùn ṣe ń ro tótó láti iwájú orí mi, wọ́n ní ẹ ò rí i, ó ti ń jáde. Èmi ni mo ṣe àmín tó gùn jù, kí àdúrà lè tán.

Nígbà tí mo dé ilé Màmá Bùnmi, wọ́n ti wọ mọ́tò. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí n ká ọwọ́ méjèèjì sókè. Wọ́n di ìsàlẹ̀ kóòtù náà mú, wọ́n sì bọ́ ọ gba orí mi bí ẹní ń bọ́ dàńṣíkí fún ọmọdé. Ó jáde lóòótọ́. Bùbá mi àti gèlè mi bá a jáde. Mo kù sójú agbo pẹ̀lú àwọ̀tẹ́lẹ̀, dírẹ́bà sì ń wo igi máńgòrò bí ẹni pé kò rí irú rẹ̀ rí. Màmá Bùnmi gbé kóòtù náà sọ́wọ́, ó rin gbindin.

"Ìyá Fẹ́mi," wọ́n ní, "ṣé aṣọ òtútù lẹ rán mi ni, àbí òtútù fúnra ẹ̀?"

Wọ́n gbé e lọ. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà sílé, mo sì ṣà ẹ̀wà mi tán.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kéré: kí n tó wọ ohunkóhun, kí n kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí màá gbà bọ́ ọ. Bí mo bá rántí àmín gígùn yẹn, mo máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀ ni. Kì í sì í ṣe géètì ẹ́sítéètì ni ó parí sí. Ní Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo lọ jókòó ti tẹlifóònù. Màmá Bùnmi ti lọ, ọkọ wọn ló gbé e fún mi.

"Ṣé kóòtù dé ọwọ́ yín?"

"Ó dé. O ṣeun gan-an. Síìpù ẹ̀ ò tíì ṣí, láti orí ni mò ń gbà wọ̀ ọ́." Kò wúkọ́ mọ́. "Ìyá Fẹ́mi, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa. Látìgbà tí òjò dídì yẹn ti dá, ṣe ni wọ́n ń pín kóòtù fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń dì ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ yín lọ́hùn-ún. Wọ́n ti fún mi ní tèmi kí tìẹ tó dé."

Mo kàn di tẹlifóònù mú.

"Má bínú," ó ní. "Tiwọn ni mò ń wọ̀ jáde. Tìẹ ni mò ń wọ̀ sùn."