Kópìn Tó Ń Dán Bíi Dígí

Mo lè gbàgbé orúkọ ara mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n ṣí odò ìlúwẹ̀ẹ́ Bàbá Sẹ̀námi kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Bíríkìlà ni mí, ọmọ Ikoga. Sẹ̀námi ni obìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya nígbà náà. Bàbá rẹ̀, apẹja tó ti di ọlọ́kọ̀, kọ́ ilé sétí òkun ní Àgbádárìgì, ó sì gbẹ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ sí àgbàlá. Òkun ń hó lẹ́yìn ọgbà, bàbá tún lọ gbẹ́ tirẹ̀. Ká ní tálákà ló ṣe é, wọn à ní orí rẹ̀ ti dàrú. Olówó ni, wọ́n ní ó ń gbáfẹ́.

Bàbá ti sọ pé òun ò ní fọmọ fún ẹni tí òun ò rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe kópìn, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n fi ń dé etí odò náà yí ká, mo sáré lọ.

“Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, bàbá. Ẹ óò fi mí yangàn.”

Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí o. Kópìn orí ọgbà ni mo mọ̀, èyí tí aláǹgbá nìkan ń rìn lórí rẹ̀.

Mo rọ ọ́, mo tò ó, kò wọ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dáwọ́ dúró. Àmọ́ lọ́dọ̀ tiwa, bíríkìlà tí ilẹ̀ rẹ̀ kò bá dán, ta ní máa pè é lọ́gàá? Mo bu sìmẹ́ǹtì lásán lé e, mo ń fi irin dán an títí ó fi ń kọ mànà. Sẹ̀námi gbé oúnjẹ wá bá mi, ó tẹjú mọ́ ọn.

“Ṣé ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ tútù á máa tẹ̀ lo ń dán báyìí?”

“Gbájú mọ́ ọbẹ̀ rẹ,” ni mo wí. “Èmi ni bíríkìlà.”

Ká ní ẹnu mi wú lọ́jọ́ náà, ì bá sàn.

Nígbà tó gbẹ tán, ẹbí pé. Nínú ìdílé Ègùn tiwọn, wọn kì í ṣí nǹkan tuntun láìta omi sílẹ̀ fáwọn baba ńlá. Àǹtí bàbá, ìyá àgbà kan tójú rẹ̀ le, gbé igbá omi, ó ń wúre, ó ń ta omi sórí kópìn mi láti ìkángun dé ìkángun. Èmi ń ṣàmín. Mi ò mọ̀ pé wàhálà mi ló ń bomi rin.

Bàbá tẹ̀ síwájú nínú agbádá funfun. “Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí,” ó ní. “Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe...”

Kò rí “àna” pè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, agbádá fẹ́ bí ìgbòkun, ó já sómi jàbú.

Mo sáré láti yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sáré, lórí kópìn tí mo fọwọ́ ara mi dán. Orí bàbá gan-an ni mo bọ́ lé. Ìgbà tí mo ti mumi yó ni mo rántí pé mi ò mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Bàbá tí mo fẹ́ gbà là ló di ọrùn aṣọ mi mú, tó wọ́ mi jáde bí ẹja àrọ̀. Gbogbo ẹbí ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé ó wù mí kí n padà sínú omi.

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, omi ń ro lára mi. “Ẹ dákun, bàbá, ẹ má torí èyí gba Sẹ̀námi lọ́wọ́ mi.”

Ó fún agbádá rẹ̀. “Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi di opó kó tó di ìyàwó. Lọ fi irin ha gbogbo rẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi lè dúró níbẹ̀. Tó o bá ṣe é tán, ká wá sọ̀rọ̀.”

Mo ha á. Àwọn apẹja àdúgbò ń yọjú lórí ọgbà, wọ́n ń bi mí bóyá ẹja ni mò ń wá nínú kọnkéré. Ìbẹ̀rù mú kí n ha á kọjá ààlà, ó wá rí gbágungbàgun.

Lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ Sẹ̀námi, àǹtí bàbá ní etí odò yẹn gan-an ni kí n ti dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní àyà mi ò kanlẹ̀, kí n tún un ṣe. Kí wọ́n tó gbà, àyà mi ti bó bí iṣu tí wọ́n fi irin rin.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀: kó o tó dán nǹkan, bi ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ léèrè. Ìyàwó mi ló fi òróró àgbọn pa mí láyà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi ń ta mí láyà.