Ọṣẹ Tí Kò Tètè Bẹ́

Ọ̀rọ̀ ọṣẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ Màmá Lydia, ará Kàbbà tó ń ṣe alágbàfọ̀ ní Garki. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọṣẹ olómi wá tà fún un, á ri òrùka wáyà bọ inú rẹ̀, á gbé e sókè, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì bàbá bàbá tirẹ̀. Bí awọ ọṣẹ tó bo ojú òrùka náà bá bẹ́ kí oríkì tó parí, olọ́ṣẹ á gbé ọṣẹ rẹ̀ padà ni. Ti Tàófíìkì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe ọṣẹ tà, ti bẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tún bẹ́ lónìí, ìdí iṣẹ́ sìmẹ́ńtì rírù lọ́jà Dei-Dei ló ń padà sí, ẹ̀yìn ń dùn ún, kò sì fẹ́ lọ rárá.

"Màmá, ti òní yàtọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà lo wí níjọ́sí. Mi ò tíì dárúkọ bàbá mi àgbà tán tó fi bẹ́."

"Omi ló fà á, mà. Lójú òrùka yẹn, omi á máa ṣàn wá sísàlẹ̀, òkè á máa fẹ́lẹ́. Ibi tó bá fẹ́lẹ́ ni awọ ti máa ń le, á wá fa omi díẹ̀ padà sókè. Ọṣẹ ló ń jẹ́ kó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tìjọ́sí yára ṣàn jù, awọ ò rójú fa nǹkan kan."

"Kí lo wá fi mú omi náà ki lónìí?"

"Ìrírí ni, Màmá."

Màmá ri òrùka bọ̀ ọ́, ó ń kì. Awọ náà ń dán, àwọ̀ òṣùmàrè ń sọ̀kalẹ̀ lára rẹ̀. Ó ki bàbá àgbà tán, ó ki ìyá àgbà mọ́ ọn, awọ ò bẹ́. Inú Tàófíìkì dùn débi pé ó ti fẹ́ lọ gbé kẹ́ẹ̀gì tó kù wá.

"Dúró ná. Àwọn wo nìyí?"

Èèrà ti tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kẹ́ẹ̀gì.

"Èèrà ni, mà. Ẹ rí i pé ọṣẹ wa ò ní kẹ́míkà tó le."

Màmá ti ìka bọ ọṣẹ náà, ó tọ́ ọ wò.

"Tàófíìkì, ṣíbí mélòó lo bù nínú ìrírí yìí?"

"Díẹ̀ ni, Màmá. Ṣúgà ni kì í jẹ́ kí omi tètè ṣàn. Bí ẹ bá ti ṣan aṣọ dáadáa, á bá omi lọ."

"Gbé e padà, ọmọ mi. Agbádá ọkọ ìyàwó ni mo fẹ́ fọ̀ lónìí. Kò yẹ kí èèrà dé ara rẹ̀ ṣáájú ìyàwó."