Bí Mo Ṣe Yọ Mọ́gàjí Kúrò Lórí Gúrúùpù Ilé Wa

Ọjọ́ Àlàmísì kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí ayé: ọjọ́ tí mo yọ Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, kúrò lórí gúrúùpù ilé wa.

Kí ẹ tó bínú sí mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìdìbò ààrẹ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gúrúùpù tí a dá sílẹ̀ lórí fóònù fún ìkíni àti ìkéde ìsọmọlórúkọ sì ti di ojú ogun. Ìyá Rìsí, tó ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ, wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kan. Ìyá Mùtíù, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀, wà lẹ́yìn èkejì. Wọ́n bú ara wọn níbẹ̀ títí wọn ò fi kí ara wọn mọ́ nídìí kànga. Ni Mọ́gàjí bá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ òṣèlú lórí gúrúùpù mọ́ títí ìdìbò yóò fi parí. Èmi ni wọ́n fi ṣe ádímíìnì tí yóò máa ṣọ́ òfin náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, n kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n rò pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ò lè dá wàhálà sílẹ̀.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi kọ òfin. Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́, ìkìlọ̀. Ẹ̀kejì, ìkìlọ̀ ìkẹyìn. Ẹ̀kẹta, yíyọ. Mọ́gàjí ní kí n kà á sí àwọn létí, wọ́n ní ó dára. N kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú rẹ̀, torí òfin tó bá ń wojú kì í ṣe òfin. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rò ó débẹ̀.

Ohun tí n kò rò ni pé Sátidé tó tẹ̀ lé ìdìbò ni ẹbí mi ń lọ ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ nílé Bàṣírá, àfẹ́sọ́nà mi, ní Pópó Yemọja. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ kedere pé bí Mọ́gàjí ilé wa ò bá ṣáájú, òun ò ní ṣílẹ̀kùn.

Ní Àlàmísì yẹn, ọjọ́ méjì ṣáájú ìdìbò, Mọ́gàjí fi fídíò ìpolongo kan tí wọ́n ṣe ní Mọ́lété ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà ṣi ẹjọ́ dá. Ìpolongo ni lóòótọ́. Mo kọ ìkìlọ̀. Fídíò náà tún wọlé. Mo kọ ìkìlọ̀ ìkẹyìn. Ó tún wọlé. Mo ti kọ ọ́, ó ti di òfin. Mo yọ wọ́n.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fa ẹsẹ̀. Bàbá rò pé fídíò ò tíì lọ, ni wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Gíláàsì ojú wọn sì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, wọn ò rí ìkìlọ̀ kankan kà. Ọmọ ọ̀rẹ́ wọn ló ń jó nínú fídíò náà, òun ni wọ́n fẹ́ kí á rí.

Kò pẹ́ tí gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lórí gúrúùpù pé ta ló yọ Bàbá. Ẹ̀rù bà mí, mo bá ti gúrúùpù pa kí ẹnikẹ́ni má lè kọ nǹkan síbẹ̀ mọ́ àfi èmi. Mo wá jókòó, mo kọ lẹ́tà àforíjì síbẹ̀, mo tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ ni pé Bàbá rú òfin lẹ́ẹ̀mẹta. Àforíjì tí mo fi ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí wọn ò ráyè fèsì lórí fóònù, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá. Ẹnu ọ̀nà yàrá mi kún. Ìyá Rìsí àti Ìyá Mùtíù dúró pọ̀, èjìká kan èjìká.

"Ìwé tó o kà yìí, ta ló ní kó o fi yọ Bàbá?" Ìyá Rìsí bi mí.

"Ẹ bá mi bi í dáadáa, ìyálé mi," ni Ìyá Mùtíù gbà á. "Tó bá di ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́, fóònù ni yóò gbé ṣáájú lọ sílé àna."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Pópó Yemọja tó sọ sí mi lọ́kàn. Mo gba àárín wọn jáde.

Yàrá Mọ́gàjí ò jìnnà sí tèmi ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú wọn. Wọ́n ní kí n gbójú sókè.

"O kọ ìkìlọ̀ sí mi. Èmi tí mo jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ níbí, tí ò ń wò mí láti ojú fèrèsé rẹ. Kí ló ṣe ẹnu rẹ?"

Mo fi ẹnu ara mi tọrọ àforíjì, n kò sì fi ẹ̀sùn bẹ̀rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọn ò sọ pé àwọn máa bá mi lọ, wọn ò sì sọ pé àwọn ò ní lọ. Ìdìbò kọjá, n kò tíì mọ èyí tí wọn yóò ṣe.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Mọ́gàjí jáde nínú agbádá wọn, wọ́n ṣáájú, a tẹ̀ lé wọn. Nílé àna mi, lẹ́yìn àdúrà, wọ́n nàka sí mi.

"Ọmọ tí mo mú wá yìí ló yọ mí kúrò lórí gúrúùpù ilé tí mo jẹ́ olórí rẹ̀."

Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Bàbá Bàṣírá béèrè ohun tó fà á.

"Mo rú òfin ni, kò sì wojú mi," Mọ́gàjí dáhùn. "Lọ́jọ́ tí ẹbí wa bá ṣẹ ọmọ yín, kò ní gbè sẹ́yìn wa. Ẹ fún un níyàwó. Àmọ́ ìyàwó ni kó máa ṣe ádímíìnì."

Ẹ̀rín gba ilé kan.

Mo ṣì gbà pé òfin ò gbọdọ̀ wojú. Ṣùgbọ́n ní báyìí, bí mo bá ní ìkìlọ̀ fún èèyàn, mo máa ń kọ́kọ́ wọ bàtà, kí n lọ bá a níbi tó jókòó sí. Bàṣírá ti di ìyàwó mi, òun sì ni ádímíìnì lóòótọ́. Ó ti kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kan lóṣù yìí. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì tọrọ gáfárà kíákíá, torí kò sí ẹni tó ní láti sọ fún mi pé ẹ̀kẹta, yíyọ ni.